Àsíá Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Salak

Ìyá Parjono kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ta àsíá sẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn tó yọ, síbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo kò yà wá kí wọn. Jakarta nìyẹn. Ìlú tí ògiri ilé kan ń fi èjìká ti ògiri ilé kejì, tí o bá sín nínú yàrá rẹ, ará ẹ̀yìn ògiri ni yóò kí ọ ní pẹ̀lẹ́. Òkú wà nílẹ̀ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, àwọn alùpùpù ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn tó gùn wọ́n sì ń súfèé.

Mbah Ngatinah, ìyẹn Màmá àgbà Ngatinah, ni wọ́n ń pe ìyá náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé láti Solo, ìlú wọn, ló ti ń wúkọ́, oṣù kẹta rèé. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó ní kí Warsini, ìyàwó ọmọ òun, se ìrẹsì olómi àgbọn fún òun bí wọ́n ṣe ń sè é nílé. Warsini sè é. Ìyá fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ní omi Jakarta ti bà á jẹ́, ó sì yí ojú sógiri. Nígbà tí Parjono kírun àsùbáà tán tó wọlé wá wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Wọn kò pariwo. Àwọn ará Solo kì í ké lórí òkú. Wọ́n gbà pé omijé tó bá kán sí òkú lára, ẹrù ló dì lé e lórí lójú ọ̀nà ọ̀run. Parjono jókòó ti orí ìyá rẹ̀, ó ń gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Warsini fi etí ìborùn di ẹnu. Retno, ọmọbìnrin wọn tó ti ń lọ sí girama, nìkan ni ohùn rẹ̀ fẹ́ yọ, àmọ́ ìyá rẹ̀ wò ó, ó sì gbé e mì.

Lẹ́yìn náà, Parjono ṣe ohun tí ọmọkùnrin ilé ń ṣe. Ó ya lára aṣọ pupa kan, ó so ó mọ́ ọ̀pá oparun, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà Salak, ọ̀nà tóóró tí ilé wọn wà, níbi tó ti já sí títì, ó sì dè é mọ́ òpó iná. Ní Solo, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Tí aṣọ pupa bá ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́tù kò ní tíì hó tí àwọn obìnrin àdúgbò yóò ti máa wọlé pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì lábẹ́ apá. Àwọn kan á bọ́ sí ìdí òkú, àwọn kan á bọ́ sí ìdí iná, àwọn ọkùnrin á sì ti gbé ọkọ́ lọ sí ibi ìsìnkú. Olókùú kì í pe ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni kí olókùú máa pe èèyàn.

Torí náà Warsini gbé omi kaná fún àlejò. Ó po tíì, ó fi ṣúgà sí i dáadáa bí wọ́n ṣe ń mu ún ní Solo, ó bù ú sínú gbogbo ife tó wà nínú ilé. Ó tò wọ́n sórí àwo pẹrẹsẹ, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó tẹ́ ẹní méjì síta, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹní náà ṣófo. Oòrùn gun ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní, ẹní ṣófo síbẹ̀.

Lẹ́yìn ògiri, Ìyá Ipul, obìnrin ilé kejì, ń bá ẹni tó ń kiri tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, ná ọjà. Ọmọ bíbí Jakarta ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í gba inú ilé kan.

"Tófù rèé? Ó mà kéré ju làákàyè ọkọ mi lọ! Fi ọ̀kan sí i jàre!"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Warsini gbọ́ ẹ̀rín náà, ó sì dà bíi pé wọ́n fi ata ra á lójú.

"Ọ̀nà títì yẹn ló gbà lọ ra ata láàárọ̀," ló sọ fún Parjono. "Abẹ́ àsíá yẹn ló gbà kọjá. Ó wá dúró níbẹ̀ ó ń ṣẹ̀fẹ̀."

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Parjono wí.

"Mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ló fi wá sílẹ̀."

Retno lọ ra ọṣẹ àti káńfọ̀ tí wọ́n máa fi wẹ òkú. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan dúró lábẹ́ àsíá, wọ́n tẹ fèrè alùpùpù, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ń kígbe pé, "Tiwa ni! A ti wọlé!" Ẹnì kẹta wá kọjá, ó tu itọ́, ó fa àsíá náà tu, ó sì jù ú sínú gọ́tà. Òun ló wọ gọ́tà lọ yọ ọ́, tó fi omi ẹ̀rọ ṣan ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, tó sì tún un so.

"Màmá, wọ́n ń fi Màmá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́."

Warsini gba káńfọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi rún.

Ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Lábẹ́ páànù Jakarta, òkú kì í dúró de èèyàn, wọ́n sì ní láti sin ìyá yìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Parjono wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó sì lọ bá olórí àdúgbò.

Sarmili lorúkọ olórí náà. Ẹnu ọ̀nà gan-an nilé rẹ̀ wà, táìlì ń dán níwájú ilé, fèrèsé rẹ̀ sì dojú kọ òpó iná tí Parjono so àsíá mọ́. Ó ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́, ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin díndín, kò sì sọ pé ẹ wá jẹun.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Parjono wí, ó tẹ̀ ba bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

"Háà, ará Solo! O rántí mi lónìí."

"Ẹ má bínú, sà. Ìyá mi ló ṣaláìsí láàárọ̀ yìí."

Sarmili jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ìnná lílláhì. Káàdì ìdánimọ̀ wọn dà?"

"Ti Solo ni, sà."

"Ó dáa. Ará Solo ló kú nìyẹn."

"Ibí ni wọ́n kú sí, sà."

"Mo gbọ́ pé ibí ni wọ́n kú sí. Àmọ́ wọn ò gbé ibí rí. Mo ní ìwé gbogbo ará ọ̀nà yìí, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò sí, báwo ló ṣe máa kú?"

Parjono wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìgbà tí a kó dé, mo wá sọ́dọ̀ yín, sà. Ẹ ní kí n mú àpòòwé wá."

"O ò sì mú un wá. O rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Ṣé o wá rí i báyìí?" Ó bu omi mu. "Ilẹ̀ òkú ìjọba, ẹni tó ní káàdì ibí ló wà fún. Ẹni tí kò ní, a máa ń bá a wá nǹkan ṣe. Owó àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀, owó ẹni tó máa fojú fo ìwé, owó tèmi tí mò ń rìn káàkiri nínú oòrùn. Mílíọ̀nù mẹ́ta rúpíà. Tàbí kí o gbé wọn padà sí Solo. Mọ́tò òkú wà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sanwó fún wa níbi iṣẹ́."

"Sọ fún òkú kó dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkú kò mọ iye tí à ń ra àgọ̀. Òótọ́ ni, òkú kò mọ̀ ọ́n. Àwọn bíi Sarmili ló mọ̀ ọ́n, àwọn ló ń pe iye rẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹyin jẹ ìrẹsì bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Ta ló tún gbọ́?" ni Sarmili bèèrè.

"Mo ti so àsíá, sà. Òun nìyẹn níta."

Sarmili na ọrùn sójú fèrèsé. Ó wo aṣọ pupa náà pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"O ṣe dáadáa," ló wí. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Tó bá wù wọ́n, wọ́n á wá. Má wulẹ̀ lọ yọ ládánì lẹ́nu, mi ò fẹ́ ariwo ní mọ́ṣáláṣí kí èmi àti ìwọ tó parí ọ̀rọ̀ wa. Onílé tó gbà yín láìsọ fún mi, mo ṣì ní ọ̀rọ̀ bá a sọ. Tí o bá lọ pariwo, ibi tí ẹ máa sùn lọ́la ni kí o ti máa wá."

"Ẹ ṣé, sà," ni Parjono wí. Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Ẹ̀kọ́ ilé ni, ó sì ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó lọ sí Jímọ̀. Mọ́ṣáláṣí kún dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, nítòsí bàtà. Kí ìwáásù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ké nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ẹni tó bá rí bàtà Àlùfáà kó jọ̀wọ́ dá a padà, wọ́n sì ké pé owó táìlì ilé ìtọ̀ kò tíì pé. Parjono dìde lórí orúnkún. Ó la ẹnu. Ní ìlà iwájú, Sarmili yí ọrùn, ó wò ó. Parjono pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì jókòó padà. Gbogbo ọkùnrin ọ̀nà Salak wà níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi igi lu àwo nílé Parjono, wọ́n á gbọ́ ọ níbẹ̀. Wọ́n kírun tán, wọ́n túká lọ jẹun.

Warsini ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n kírun sí wọn lára?"

Parjono bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà.

"Bàbá Retno, mo ní ṣé wọ́n kírun fún Màmá?"

"Rárá."

"Lèmọ́mù kọ̀?"

"Mi ò sọ fún un."

Warsini wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "O jókòó láàárín gbogbo ọkùnrin yẹn. Ìyá tó bí ọ wà nílẹ̀ láti àsùbáà. O ò la ẹnu?"

"Sarmili ní..." Ó sọ ohun tí Sarmili sọ fún un, ó sọ mílíọ̀nù mẹ́ta, ó sọ ọ̀rọ̀ onílé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n rí àsíá. Ẹni tó bá rí àsíá tí kò wá, kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ fún? Mi ò ní fi òkú ìyá mi ṣagbe."

"Kò ní ṣagbe! Màmá á máa wú síbí nítorí pé ọmọ wọn kò ní ṣagbe!"

"Warsini, rọra. Òkú ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ìwọ lo ní ká máa bọ̀. Ní Solo, oúnjẹ lè wọ́n, èèyàn ò wọ́n. O kó wa wá síbi tí oúnjẹ ti wọ́n, tí èèyàn náà tún wọ́n!"

"Kò sí iṣẹ́ ní Solo mọ́. O mọ̀."

"Iṣẹ́! Ó dáa. Lọ pe iṣẹ́ kó wá gbé wọn. Èjìká mẹ́rin la nílò lábẹ́ pósí, kí iṣẹ́ wá gbé igun kan!"

Eṣinṣin kan bà lé aṣọ tí wọ́n fi bo ìyá lójú, Parjono sì lé e. Retno, tí kò mọ ohun tí ì bá ṣe, tẹ̀ síbi àwo ife. Tíì ti tutù láti àárọ̀, èèrà ti yí ẹnu ife po. Ó ní kí òun dà á nù, kí òun fọ ife.

"Fi í sílẹ̀!" ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwọn tí mo bù ú fún ò tíì wá."

Ó ju ìborùn sí èjìká, ó sì jáde láìwọ bàtà.

Láti ọjọ́ tí Warsini ti dé ọ̀nà Salak, ohùn rẹ̀ kò kọjá ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa sọ pé tó bá ń ta tempe díndín, oúnjẹ ẹ̀wà sóyà, èèyàn ní láti fi etí sí i lẹ́nu kó tó mọ iye tó pè. Obìnrin yìí ló dúró láàárín ọ̀nà lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ̀yin ará Salak! Ẹ ṣeun o! Ẹ ṣeun gan-an ni! Tí ajá bá kú ní Solo, wọ́n á bi olówó rẹ̀ pé kí ló ṣe é! Ẹ̀yin ò ní kú, àbí? Ẹ ti bá ikú ṣàdéhùn, ó ní òun ò ní wọ ọ̀nà yìí!"

Fèrèsé ṣí. Àwọn ọmọdé dáwọ́ eré dúró. Ìyá Ipul jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, epo ń kán lẹ́nu rẹ̀.

"Ta nìyẹn ń bú? Ìyá Retno? Ẹ̀yin tí ohùn yín ò kọjá ètè yín? Ta ló yá yín lẹ́nu lónìí?"

"Ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí! Láti àárọ̀ lẹ ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri, òkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín!"

"Òkú wo?"

"Ìyá ọkọ mi!"

Ṣíbí ọbẹ̀ dúró lójú kan. "Màmá tó máa ń wúkọ́ yẹn?"

"Wọn ò wúkọ́ lónìí. Ẹ ò gbọ́ pé kò sí ikọ́?"

"Mo gbọ́," ni Ìyá Ipul wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Mo gbọ́ pé kò sí ikọ́. Mo sọ fún Ipul pé a dúpẹ́, ara Màmá ti yá."

"Àsíá ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àsùbáà! Abẹ́ rẹ̀ lẹ gbà lọ ra ata!"

"Àsíá wo?"

"Àsíá pupa!"

"Aṣọ òṣèlú yẹn? Ìbò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo òpó ló ti wọṣọ! A ní ọkọ yín ti gbowó ẹgbẹ́ ni. A tiẹ̀ bú u nídìí tófù!"

"Àsíá òkú ni!"

"Ìyá Retno." Ìyá Ipul di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Níbí, ìyeyè ni àsíá òkú. Àwọ̀ ìyeyè. Ẹnikẹ́ni ò so pupa fún òkú ní Jakarta rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Warsini wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí aṣọ náà ti ń fẹ́, tí omi gọ́tà ṣì ń kán lára rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbé ìlú yìí, àwọ̀ ìyeyè ti kọjá lójú wọn lọ́nà ọjà bóyá ìgbà mẹ́wàá, wọ́n rò pé ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àárín ọ̀nà.

Ìyá Ipul sì ké. Ó ké bí àwọn ará Jakarta ṣe ń ké, igbe tí ń la ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu àyà, ṣíbí ọbẹ̀ sì fò lọ. "Ẹ jáde o! Màmá ti kú! Màmá ilé kejì mi ti kú láti àárọ̀, mo sì ń jẹ tófù! Ẹ jáde!"

Ọ̀nà Salak tú jáde. Kí Parjono tó dé ẹnu ilẹ̀kùn láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, obìnrin mẹ́ta ti bọ́ bàtà wọlé. Abọ́ ìrẹsì ń tẹ̀ lé abọ́ ìrẹsì. Ẹnì kan bọ́ sídìí iná, ẹnì kan bọ́ sídìí òkú. Wọ́n ya ìwé aláwọ̀ ìyeyè tí Ipul fi ń ṣiṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wọ́n sì gbé e sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí fi pe orúkọ Mbah Ngatinah, orúkọ tí kò sí nínú ìwé Sarmili. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Parjono gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ láti òkè, ó fi orí ti òpó ilẹ̀kùn, ó sì sunkún ní gbangba, kò bìkítà fún ẹrù tí omijé ń dì lé òkú lórí.

Igbe ló mú Sarmili wá. Ó dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábẹ́ abíyá.

"Ta ló fún ládánì láṣẹ? Ẹ mọ̀ pé òkú yìí ò ní káàdì?"

Ìyá Ipul yíjú sí i. "Ẹ mọ̀ pé òkú yìí ò ní káàdì. Báwo lẹ ṣe mọ̀, tí àwa tí a bá wọn pín ògiri kò mọ̀ pé wọ́n kú?"

Parjono ló sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè, àmọ́ kò wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

"Mo sọ fún wọn láàárọ̀. Mo fi àsíá hàn wọ́n láti ojú fèrèsé wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ṣe dáadáa."

Ọmọ Jakarta ni Sarmili, láti ìgbà tó ti ń rá ni ojú rẹ̀ ti ń rí àwọ̀ ìyeyè. Ó sì wo pupa, ó jẹ́ kó máa fẹ́.

"Òfin ni òfin," ló wí níkẹyìn. "Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan ní ọ̀nà Salak tí kò mọ̀ nípa àpòòwé Sarmili. Àwọn ará Padang tó ń ta oúnjẹ san án, àwọn ará Madura tó ń gé irun san án, àwọn onílé ń wò, wọ́n ní kò kàn wá, ọ̀rọ̀ àlejò ni. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Àwọn àgbà tó dúró níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi wà nílẹ̀.

"Ẹ gbé òfin yín lọ," ni Ìyá Ipul wí. "Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, lábẹ́ igi ràmbútàn, níbi tí a sin ìyá wa sí, ìjọba ò bá wa dá sí i."

"Dúró ná." Jali, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló sọ̀rọ̀. "Ilẹ̀ bàbá wa ni, tìẹ nìkan kọ́. Àyè tó kù níbẹ̀ ò pọ̀. Èèyàn tí a ò mọ̀ rí ń kọ́? Níbo lẹ máa wá sin èmi sí?"

"Ìwọ? Pẹ̀lú gbèsè sìgá tó wà lọ́rùn ẹ? Ikú gan-an ò ní gbà ọ́ lọ́dún yìí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa. Ibi tí mo fi sílẹ̀ fún ara mi. Ibẹ̀ ni kí o gbẹ́."

"Kí la fẹ́ ṣe tìẹ nígbà tó bá dé?"

"Ẹ máa wá ibòmíràn. Ọmọ ibí ni mí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mi ò sí. Mo ti ń jẹ tófù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú láti àárọ̀, Bọ̀dá mi. Lọ gbé ọkọ́."

Jali dúró díẹ̀. Ó pa sìgá rẹ̀ mọ́ ògiri, ó tọ́jú ìyókù sí etí, ó sì lọ gbé ọkọ́.

Wọ́n wẹ ìyá, wọ́n dì í, wọ́n kírun sí i lára. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí, èèyàn tó fẹ́ fi èjìká sí i pọ̀ débi pé wọ́n ń ti ara wọn. Warsini wò wọ́n. Inú rẹ̀ kò rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, bíbínú ló sì ń bínú bó ṣe ń dúpẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ká ní òun kò pariwo ni, ilẹ̀ ìbá ṣú bá ìyá nínú yàrá. Wọ́n bo ilẹ̀ lé e kí wọ́n tó pe ìrun Màǹgàríbà.

Lẹ́yìn ìrun, ilé kún. Ẹní méjèèjì kún, wọ́n tún tẹ́ òmíràn títí dé iwájú ilé Ìyá Ipul. Tíì gbígbóná ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn obìnrin ti sè é tuntun nínú ìkòkò ńlá. Ìgbà náà ni Sarmili wọlé. Ó ti wẹ̀, ó ti dé fìlà tuntun, ó sì lọ tààrà sí iwájú, níbi tí olórí àdúgbò máa ń jókòó sí. Kò sí ẹni tó lé e. Kò sì sí ẹni tó sún fún un.

Ó gbá ọ̀nà ọ̀fun mọ́. "Ẹ̀yin ará mi, ìyá àdúgbò wa ló lọ lónìí. Ọ̀kan lára wa ni wọ́n. Èmi gẹ́gẹ́ bí olórí..."

Warsini dìde. Ó wọ yàrá, ó fa àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n ti tì sábẹ́ tábìlì jáde, ó mú ife kan lórí rẹ̀. Ó rọra gba àárín àwọn èèyàn kọjá. Ó kúnlẹ̀ níwájú Sarmili bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà ní Solo, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife náà kalẹ̀, ọwọ́ òsì sì wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Tíì náà ti dúdú. Èèrà méjì léfòó lójú rẹ̀.

"Ẹ mu ún, sà," ló wí pẹ̀lú ohùn kékeré tó ti máa ń ní. "Tiyín ni. Láti àárọ̀ la ti bù ú sílẹ̀ dè yín."

Sarmili wo ife. Ó wo Parjono, Parjono ń wò ó. Ó wo Ìyá Ipul, ó wo Jali pẹ̀lú iyanrìn ní orúnkún, ó wo gbogbo ọ̀nà Salak tí ife gbígbóná wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò mu tirẹ̀.

Ó gbé e. Ó mu ún títí dé ìdí, Warsini sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi gba ife padà lọ́wọ́ rẹ̀.